Nígbà tí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Bá Rí Bí Ọmọdé Lójú Aláìsàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa ń bi mí jù lọ, pàápàá àwọn tí ara wọn kéré tàbí tí ojú wọn ṣì dà bí ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Èmi náà wà lára wọn rí. Mo ti pé ọmọ ọdún 20 nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù, síbẹ̀ àwọn aláìsàn máa ń rò pé ẹbí mi kan ni mo wá kí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ohun tí mo sì rí dì mú ni pé ẹni tí ó ń béèrè ọjọ́ orí yín ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun kò ní fara pa lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ máa dáhùn.

Aláìsàn bi mí pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Kí ni kí n sọ?

Ẹ má ṣe purọ́ ọjọ́ orí yín. Ẹ lè sọ iye ọdún yín bí ó bá wù yín, ẹ sì lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má ṣe dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti kọ́, ẹ sọ ẹni tí ó ń darí yín, kí ẹ sì fi ìbéèrè kan parí ọ̀rọ̀ náà. Bí àpẹẹrẹ: "Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, mà. Ọdún kejì mi nìyí. Wọ́n ti dán mi wò lórí ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, nọ́ọ̀sì tí ó ń darí mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé ohun kan wà tí ó ń kọ yín lóminú kí n tó bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kejì tí mo dé wọ́ọ̀dù, obìnrin kan tí ó ń dúró de iṣẹ́ abẹ bi mí ní ọjọ́ orí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kìíní àti lẹ́ẹ̀kejì, mo dáhùn, ó sì tún béèrè. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo wá bi í pé kí ni ó ń dà á láàmú. Ó na apá rẹ̀ sí mi, ó ní nígbà kan rí, ẹnì kan gún òun lábẹ́rẹ́ ní ìgbà márùn-ún kí ó tó rí iṣan, apá òun sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ orí mi kò sí níbẹ̀ rárá. Mo pe nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣan wá jù lọ ní wọ́ọ̀dù wa, ó rí iṣan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, obìnrin náà sì sinmi. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó pè mí kí n wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun.

Ṣé ó di dandan kí n sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn.

Ó di dandan. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó ń tọ́jú òun àti ibi tí ìmọ̀ ẹni náà dé. Bí ó bá gbà kí ẹ ṣe nǹkan fún òun nítorí pé ó rò pé ẹ ti gba ìwé-ẹ̀rí, kò tíì fún yín láyè rárá, nítorí pé ẹlòmíràn tí ẹ kì í ṣe ni ó fún láyè.

Ní ọdún 2013, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kate Granger, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn. Òun àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera máa kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn fún aláìsàn, ìpolongo náà sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí Granger tó kú ní ọdún 2016. Ohun kékeré ni ó béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣàìsàn rí mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ dárúkọ yín, ẹ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ béèrè àyè. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ ọ́ láìsí ìtìjú máa ń rí àyè gbà ju ẹni tí ó ń fara pamọ́ lọ, nítorí pé aláìsàn máa ń gbọ́ ìfarapamọ́ nínú ohùn.

Ṣé ìgbà kan wà tí wọn kì í gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ ní Amẹ́ríkà, Dorothea Dix, tí ó jẹ́ alábòójútó àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, fi òfin jáde ní ọdún 1862 pé òun kò ní gba obìnrin tí kò bá tíì pé ọdún 35 tàbí tí ó bá ti kọjá ọdún 50. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale, gbajúmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860 pàápàá fẹ́ràn àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 25 sí 35. Bẹ́ẹ̀ sì ni Nightingale fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 1837, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 16, ni Ọlọ́run ti pe òun sí iṣẹ́ ìsìn. Ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí náà ó di ọdún 1851, nígbà tí ó ti pé ọdún 31, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kaiserswerth ní Jámánì.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gba ẹni tí ó ti pé ọdún 17 tàbí 18. Bí wọ́n bá ti gbà yín wọlé, a jẹ́ pé ẹ ti kájú òṣùwọ̀n wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú yín lé yín jáde.

Aláìsàn kọ̀ pé òun kò fẹ́ kí "ọmọdé" tọ́jú òun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbà fún un, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Aláìsàn lè kọ akẹ́kọ̀ọ́ nígbàkígbà, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí. Ẹ lè sọ pé, "Kò burú rárá, sà. Mo máa pe nọ́ọ̀sì tí ó ń bójú tó yín. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n dúró wo bí wọn yóò ṣe ṣe é?" Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí ẹ dúró, nítorí pé ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, wọn kò kórìíra yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má dúró, ẹ lọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ń kọjá níwájú ibùsùn wọn, ẹ kí wọn bí ẹ ti ń kí àwọn tó kù. Ẹ má ṣe yẹra fún wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ó hàn lójú yín pé inú ń bí yín.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Ó dùn mí débi pé mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ yín kí ọjọ́ náà tó parí, kí ẹ má gbé e sùn.

Wọ́n máa ń pè mí ní "ọmọ mi" tàbí "kékeré yìí". Ṣé kí n bá wọn wí?

Ó sinmi lé ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Bí àgbàlagbà bá pè yín ní ọmọ òun pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ìsinmi ọkàn ni ó ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín ni ó ń pè yín ní "kékeré" níwájú àwọn aláìsàn, ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀, torí pé ó ń já ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ ń kọ́ lulẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, níwájú àwọn aláìsàn, orúkọ mi ni kí ẹ máa pè mí." Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ń pa ẹnì kejì lára.

Ṣé kí n wọ awò ojú tí kò ní agbára, tàbí kí n kun ojú mi kí n lè dàgbà díẹ̀?

Rárá. Aṣọ iṣẹ́ tí ó mọ́ tí ó sì bá ara mu, bàtà tí ó pa ìka ẹsẹ̀ dé, irun tí a dì kúrò lójú àti lọ́rùn, èékánná kúkúrú tí a kò kùn, àti káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ rẹ̀ hàn ketekete ti tó. Aṣọ tí ó tóbi jù yín lọ ni ó máa ń jẹ́ kí ẹ dà bí ọmọ tí ó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ gbé e fún télọ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù, nítorí kòkòrò àrùn máa ń sá pamọ́ sí abẹ́ wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ́ dáadáa.

Kí ni ó ń mú kí aláìsàn gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó rí bí ọmọdé?

Ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe ju kí ó máa wo àwọn tí ó ń rìn yí i ká, ó sì máa ń rí ohun tí a rò pé kò rí.

Ẹ fọ ọwọ́ yín níwájú rẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ni pé bí a bá lo sánítáísà, kí a fi ra ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, bí ó bá sì jẹ́ omi àti ọṣẹ, kí gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Àkókò yẹn gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, aláìsàn sì máa ń ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí a kọ sí ọ̀já ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó bá ohun tí ó sọ mu. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń béèrè, pé ẹ kò fẹ́ kí oògùn ẹlòmíràn bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọn ìfúnpá, ẹ jẹ́ kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kí ó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ó má gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn, kí apá rẹ̀ sì wà lórí ohun kan tí ó bá àyà rẹ̀ dọ́gba. Apá tí ó bá rọ̀ sísàlẹ̀ yóò mú kí ìfúnpá ga ju bí ó ti rí gan-an lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kò ní sùúrù fún èyí mọ́, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ṣe é, tí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, aláìsàn yóò rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Mímí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má sì sọ pé òun ni ẹ ń kà, torí pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka mímí òun yóò yí i padà láìmọ̀. Ẹ fi ìka yín sílẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìlù ọkàn ni ẹ ṣì ń kà, kí ojú yín sì wà ní àyà rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù ní ìgbà 60 sí 100.

Ohùn yín náà ṣe pàtàkì. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí ohùn ga kí ọ̀rọ̀ sì yára. Ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ́tìnì, kí ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ parí gbólóhùn kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí àga bá wà, ẹ jókòó kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba.

Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú tèmi ni pé, bí aláìsàn bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ máa lọ béèrè, kí ẹ sì padà wá. Pípadà wá yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ìdáhùn kò bá tíì sí, ẹ padà wá sọ pé kò tíì sí.

Ọmọ kíláàsì mi kan ti lé lógójì ọdún. Gbogbo aláìsàn ló ń rò pé òun ni ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàánú òun náà. Ẹ̀yin ń jìyà pé wọ́n ń fojú kéré yín, òun ń jìyà pé wọ́n ń bi í ní ohun tí kò tíì kọ́, ó sì lè tijú láti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó léwu jù nínú méjèèjì ni tirẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ní kí ó ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò tíì ká. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Bí ẹ bá jọ wà ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ jọ dárúkọ ara yín pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ tàbí tí ó ti tọ́jú òbí aláìsàn nílé ní ohun púpọ̀ láti kọ́ yín, ẹ̀yin náà sì lè ràn án lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì tí ó ti kúrò lọ́pọlọ rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Mo rí i pé ara aláìsàn kan ń burú sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú ọmọdé ti lè pa ènìyàn gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bóyá kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ń ṣe bákan." Kò yíjú wò mí. Mo dá a lẹ́bi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó yé mi pé n kò tíì sọ ohunkóhun fún un.

Ìlànà kan wà fún bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún òṣìṣẹ́ mìíràn, tí a ń pè ní SBAR (Situation, Background, Assessment, Recommendation), tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá kí àwọn ilé ìwòsàn tó gbà á. Ohun mẹ́rin ni ó ní kí a sọ tẹ̀lé ara wọn: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí a rò pé ó ń ṣe aláìsàn, àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí mo bá ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi ọjọ́ yẹn sọ, n óò ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Bàbá tí ó wà ní ibùsùn kẹfà ń mí ní ìgbà 28 ní ìṣẹ́jú kan. Àná ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, 16 sì ni mímí wọn ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Mo rò pé ara wọn ń burú sí i. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò wọ́n nísinsìnyí." Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí àfojúdi.

Nọ́ọ̀sì tí ó ń darí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá ṣe nǹkan kan síbẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tí ó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù, kí ẹ má sì ro ti pé wọn yóò bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìgbà mẹ́wàá tí kò sí nǹkan, ju kí ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan wà.

Ojú ń tì mí láti wẹ̀ fún ẹni tí ó tó bàbá tàbí ìyá mi àgbà.

Ojú ń ti òun náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jù tiyín lọ. Ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ni ẹni tí ó rí bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ bọ́ láṣọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣe é, ì báà ṣe ojú rẹ̀ nìkan ni ó lè fọ̀. Ẹ fa kọ́tìnì yí ibùsùn ká kí ó pàdé. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ tọ́ omi wò bóyá ó gbóná jù. Ibi tí ẹ ń wẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ ṣí, kí aṣọ ìnura bo ìyókù, bí ẹ bá sì ti nu ibì kan gbẹ, ẹ bò ó kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ojú ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó nu ìpéǹpéjú láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta, láìlo ọṣẹ. Ẹ pààrọ̀ omi àti aṣọ ìnura kí ẹ tó dé abẹ́, kí ẹ sì máa nu abẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe bá ẹlòmíràn tàkùrọ̀sọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwẹ̀ ni ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí aláìsàn kò sọ fún dókítà kankan, ìgbà náà sì ni ojú máa ń rí egbò ẹ̀yìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá fẹ́ kí ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀ ni ó wẹ̀ fún òun, ẹ wá ẹni náà fún un.

Aláìsàn kan ń sọ ìsọkúsọ sí mi, ó sì ń fẹ́ fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ní kí n fara dà á nítorí pé ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ má ṣe fara dà á. Àwọn kan máa ń ro pé ẹni tí ó rí bí ọmọdé kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba, láìrẹ́rìn-ín, pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Bí ẹ bá tún ṣe é, mo máa kúrò níbí, mo sì máa sọ fún olórí wọ́ọ̀dù." Ẹ jáde, ẹ sọ fún ẹni tí ó ń darí yín lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó ṣe é, bákan náà ni ìgbésẹ̀ yín yóò rí. Aláìsàn tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú lè máà mọ ohun tí ó ń ṣe, èyí sì lè mú kí a má bínú sí i, síbẹ̀ kò sọ pé kí ẹ máa dá wọlé tọ̀ ọ́.

Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, èmi gan-an mọ̀ pé n kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Ṣé wọn kò jàre tí wọ́n ń bẹ̀rù mi?

Wọ́n jàre díẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tijú rẹ̀. Ní ọdún 1984, Patricia Benner, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gbà kọjá, láti orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé òfin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ọ̀gbóǹtarìgì tí ó máa ń rí ohun tí ó ń bọ̀ kí ó tó lè ṣàlàyé bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ìrírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn ni ó ń gbé ènìyàn láti ìpele kan dé òmíràn. Ẹni tí ó pé ọdún 45 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú yín, bí irun rẹ̀ tilẹ̀ ti ń funfun.

Nítorí náà, ẹ má ṣe nǹkan tí a kò tíì dán yín wò lé lórí, ẹni yòówù kí ó ní kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ẹ tó ronú lórí ohun tí wọn yóò fi ojú yín rí. Oògùn tí a ṣì fún ènìyàn ṣeé tètè tọ́jú bí a bá mọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè máà ṣeé tọ́jú mọ́ bí a bá mọ̀ ní wákàtí márùn-ún.

Ǹjẹ́ ó ní àǹfààní kankan?

Ó ní. Àwọn ọmọdé kì í bẹ̀rù yín tó bí wọ́n ti ń bẹ̀rù àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́langba sì máa ń sọ ohun tí wọ́n mu tàbí ohun tí wọ́n ṣe fún yín, èyí tí wọn kò ní sọ lójú òbí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ohun tí ó bá lè fi ẹ̀mí wọn sínú ewu kò ní jẹ́ àṣírí láàárín yín.

Ìgbà wo ni wọn yóò dẹ́kun bíbi mí ní ọjọ́ orí mi?

Ó lè pẹ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ṣì ń bi. Ohun tí ó yí padà fún mi ni pé ìbéèrè náà kò gún mi lọ́kàn mọ́. Ní ọdún kẹta mi, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ wọ́ọ̀dù rí mi pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, ó sì ké pé, "Ọmọdé yìí ni yóò gún mi lábẹ́rẹ́?" Mo ti ń gbé tíréè náà kalẹ̀ kí n lè jókòó tì í nígbà tí ìyá àgbà tí ó wà ní ibùsùn kejì yíjú sí i, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bó bá ní òun ń bọ̀, ó máa ń padà wá."